Bàtà Ẹnu Ọ̀nà

Tíṣà kíláàsì kìíní kò nígbàgbọ́ nínú ìṣirò àkọ́sórí. Ó ní ọmọ tó bá ń ké "méjì àti méjì, mẹ́rin" láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ariwo lásán ló ń pa. Ṣíbí, ìdérí ìgò, àga, ohunkóhun tó bá wà nítòsí ló fi ń kọ́ wọn. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ: ẹni tó bá dáhùn gbọ́dọ̀ fi nǹkan gidi hàn án, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́nu dúró títí yóò fi parí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú kíláàsì yẹn, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní mà bíi ti àwọn yòókù. Ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ kan lọ́nà jíjìn, ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń ráyè wálé. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ sí i létí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ní kíláàsì tòun, èje náà ló ń tẹ̀lé ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí ilé ọkọ yẹn nìkan ló ní láyé. Torí ọkùnrin náà ló ṣe bá ìyá tó bí i jà tí wọn kò fi rí ara wọn mọ́. Kó lè pa aráyé lẹ́nu mọ́, ó ní kí ọkọ mú ọmọ dání lọ síbi iṣẹ́ nígbà ìsinmi. Ọkọ ń ṣe tìkọ̀, ó fi dandan lé e. Ẹ wá wo ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣera rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé padà, bàtà ló fi kọ́ wọn. Kí kálukú rántí ilé tó ti lo ìsinmi, kó to bàtà tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, kí àwọn yòókù sì sọ iye ènìyàn tó ń gbébẹ̀. A kì í ka bàtà àlejò mọ́ ọn. Àwọn ọmọ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn láti fi tò ó, yàrá ń rùn, inú Tíṣà ń dùn.

Ó kan ọmọ rẹ̀. Ó to bàtà mẹ́jọ ní méjì méjì.

"Èyí ti àǹtí. Èyí ti ọmọ àǹtí tó jọ mí. Èyí ti ìkókó." Ó gbé èyí tó tóbi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àǹtí. "Èyí ti dádì mi."

Kíláàsì ní ènìyàn mẹ́rin ni. Tíṣà tún ohùn ṣe.

"Àlejò ni dádì rẹ níbẹ̀. Yọ tiẹ̀ kúrò."

Ọmọ náà wo bàtà, ó rò ó dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Rárá, mà. Sálúbàtà dádì kì í kúrò níbẹ̀. Tilé wa ló máa ń kó sínú báàgì tó bá ń lọ. Ilé tiwa la ó ti yọ ọ́."

Ó tún bàtà tò: ti mọ́mì, ti dádì, tirẹ̀. Ó gbé ti dádì kúrò.

"Mẹ́ta, yọ ọ̀kan kúrò, ó ku méjì," ni gbogbo kíláàsì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń retí kí ìyá rẹ̀ sọ bóyá òun gbà á.

"O gbà á," ni Tíṣà wí.