Èèpo Tó Kù Lára Ọ̀gànwó

Sùlè, ọkọ Sìdíkàt, ló gbin ọ̀gànwó tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ajah, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ àbàtà. Nígbà tí Sùlè kú láìbímọ, àbúrò rẹ̀, Mọ́rúfù, fẹ́ lé opó náà jáde. Pákó ni Mọ́rúfù ń tà fún àwọn olówó VGC tó ń fẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀gànwó, ojú tó sì fi ń wo igi náà, ojú ológbò tó rí ẹja ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Gbàdàmọ́sí, olórí ẹbí, kọ̀ jálẹ̀.

“Igi yìí ló dúró fún Sùlè,” ni bàbá wí lójú gbogbo ẹbí. “Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rúwé, Sìdíkàt ò níí kúrò nílé yìí. Ọjọ́ tí igi náà bá kú, kí Mọ́rúfù gba ilẹ̀.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà! Ó dùn létí, àmọ́ ó ti fọ̀nà han olè.

Mọ́rúfù ò gbé àáké o. Ẹnu ló lò. Ó ń sọ ní mọ́ṣáláṣí, ó ń sọ níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ Ibeju-Lekki, pé kò síbà tí èèpo ọ̀gànwó Sìdíkàt ò lè wò. Ni awakọ̀ bá ń bọ̀, bíríkìlà ń bọ̀, ìyá ọlọ́mọ ń bọ̀, tọ̀bẹtọ̀bẹ. A kì í fi oògùn du aláìsàn. Bí àgàn bá tún wá fi du ọmọ ọlọ́mọ, ẹ mọ orúkọ tí ayé máa pè é. Sìdíkàt ò lè sọ pé rárá.

Sùlè ti kọ́ ọ pé ìhà ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí nìkan ni wọ́n ti ń bó igi tí wọn ò fẹ́ kó kú. Sìdíkàt bẹ àwọn tó ń wá gba èèpo bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọ́. Wọ́n bó o yípo, ara igi pọ́n bí osùn. Èèpo kan ṣoṣo ló kù tó so òkè mọ́ ilẹ̀, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ìyẹn bá lọ, igi kú nìyẹn. Sìdíkàt fi àkísà wé e. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, torí kò nílé bàbá kankan tó lè padà sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ràhmát, ìyàwó Mọ́rúfù, sáré wọlé tẹkúntẹkún. Ó pọn Fàtíù ọmọ rẹ̀, ara ọmọ náà gbóná bí ààrò.

“Ìyálé mi, ẹ gbà mí! Bàbá Fàtíù ní kí n wá gba èèpo.”

“Òun ló rán ẹ?”

“Òun ni, mà. Ẹ má jẹ́ kọ́mọ mi kú.”

Ọ̀rọ̀ yé Sìdíkàt. Inú bí i débi pé èpè ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ lé iwájú orí ọmọ náà, ibà náà kì í ṣe irọ́. Ṣé wọ́n á wá ka ẹ̀ṣẹ̀ bàbá sí ọmọ lọ́rùn ni? Ó tú àkísà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bó èèpo náà.

Kí òjò tó tún dé, igi ti gbẹ. Mọ́rúfù kó àwọn agégi wá. Ó ń fọwọ́ pa pákó pupa náà lára, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá Gbàdàmọ́sí ò lè kó ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sọ jẹ, wọ́n ní kí Mọ́rúfù gba ilẹ̀.

Sìdíkàt ń di ẹrù nígbà tí Ràhmát wọlé, tí Fàtíù ń sáré níwájú rẹ̀.

“Alihamudulilahi, àgbo náà ṣiṣẹ́,” ni Sìdíkàt wí. Ìyẹn nìkan ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Ràhmát kúnlẹ̀. “Ìyálé mi, abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un ní ọsibítù. Bàbá Fàtíù ti ń dúró dè wá nínú mọ́tò níta lọ́jọ́ yẹn. A ò sè é, mà. Èèpo náà ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù.”

Sìdíkàt wo ọmọ náà títí. Inú rẹ̀ dùn pé ó yè, ọ̀ràn náà sì dùn ún débi pé kò lè sunkún.

“Lọ bá mi mú èèpo náà wá,” ló wí. “Ohun tó kù fún mi lára Sùlè nìyẹn.”