Aṣọ Tí Mo Rán fún Ara Mi

Ère ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, inú ò sì bí mi sí i rí. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ náà, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Kò ra ère onígi tí àwọn télọ̀ tó kù máa ń gbé aṣọ wọ̀ síwájú ilé. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Èmi ṣáà wà níbẹ̀. Bí aṣọ oníbàárà bá ti ń parí lọ, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún kí ẹni tó ni ín tó dé. Bí oníbàárà bá sanra jù mí lọ, wọ́n á fi àkísà dì mí níkùn àti nídìí títí téèpù á fi gbà pé mo ti di oníbàárà náà. Bó bá lóyún, wọ́n á ki ìrọ̀rí bọ̀ mí níkùn. Bó bá ga, màá gun àpótí. Mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, mo ti jẹ́ ìyàwó oníṣègùn eyín, mo sì ti gbé oyún fún obìnrin kan tí mi ò mọ ọkọ ẹ̀.

Ohun tí èmi fúnra mi ń wọ̀ ńkọ́? Aṣọ tí wọn ò wá gbà mọ́ ni. Ẹni tó rán aṣọ tó kọ̀ ọ́, ẹni tó kó lọ sílùú míì, ẹni tí òun àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀ tú ká kí ìgbéyàwó tó dé, gbogbo ẹ̀, ọrùn mi ló ń já sí. Lónìí màá dà bí akọ̀wé báńkì, lọ́la màá dà bí ìyá ìyàwó. Obìnrin kan tiẹ̀ dá mi dúró ní títì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aṣọ mi kọ́ nìyẹn?” Mo ní òun ni. Ó ní ó mà yẹ mí o. Mo ní ẹ ṣé. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Bí mo ṣe wà nìyẹn látìgbà tí ìyá mi ti kú, àbí mo ti wà bẹ́ẹ̀ kó tó kú, mi ò rántí mọ́.

Nígbà tó yá, ojú Màmá kọ iṣẹ́. Kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó sì ń rán apá mọ́ ibi tí ọrùn yẹ kó wà. Ó ní òun máa lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun ọkùnrin, pé nínú àwa méjì lẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù wà: èmi àti Ìṣáná. Ìṣáná ni agéṣọ wa. Ó tín-ín-rín, ó gùn, ara ẹ̀ sì tètè máa ń gbaná. Ó ti níyàwó nílé, ṣùgbọ́n ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Àǹtí Ère, bíi pé Àǹtí tó fi síwájú máa bo Ère mọ́lẹ̀.

“Ìwọ ni ẹ̀jẹ̀ mi,” Màmá sọ fún mi níwájú Ìṣáná, “ìwọ lo sì mọ̀ ọ́n rán jù. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé síbí, wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á ní kí n ṣáà rán nǹkan tó máa yẹ àwọn. Ẹni tí ò mọ tiẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ tẹlòmíì? Rán aṣọ kan fún ara rẹ. Tìẹ ni mo wí o, kì í ṣe ti ẹni tó sá lọ. Wọ̀ ọ́ wá ní Sátidé. Bó bá jẹ́ tìẹ lóòótọ́, kọ́kọ́rọ́ di tìẹ nìyẹn.”

“Ẹ ṣé, Màmá.”

“Ṣé o fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí?”

“Bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ ni.”

Ó wò mí títí, ó pòṣé, ó padà sídìí tíì ẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ aláṣọ lọ. Obìnrin náà tú aṣọ sílẹ̀ fún mi títí ó fi làágùn.

“Èwo lẹ fẹ́ nínú wọn?”

“Èyíkéyìí.”

“Ẹ gbà mí o! Mi ò tíì ta àwọ̀ tó ń jẹ́ èyíkéyìí rí. Pupa yìí ńkọ́?”

Mo wo pupa. Pupa náà ni. Ó fi aláwọ̀ ewé hàn mí, mo wò ó, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí tíì gbígbóná bó láhọ́n, tó wá ń jẹun láìmọ adùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi sú aláṣọ, ó fa ọ̀kan yọ, ó ní kí n máa gbé e lọ, kí òun ráyè dá ẹlòmíì lóhùn. Aláwọ̀ eérú ni. Ẹ bá mi gbọ́: aṣọ tí mo máa fi hàn pé mo mọ tèmi, aláṣọ ló bá mi yàn án.

Lọ́sàn-án Ẹtì, a ń wọ aṣọ ìyàwó oníṣègùn eyín wò. Obìnrin yẹn tóbi, Ọlọ́run bù fún un. Ìṣáná ti fi àkísà dì mí láti àyà dé ìdí. Nígbà tó bọ́ aṣọ náà kúrò lọ́rùn mi, mo ní kó kúkú bá mi fi téèpù wọn ara mi, kí n lè gé tèmi. Wọn ò wọ̀n mí rí látọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Ìṣáná ń wọ̀n, ó ń pe nọ́ńbà, mo ń kọ ọ́ sórí aṣọ pẹ̀lú ẹfun. Kò sẹ́ni tó rántí nínú àwa méjèèjì pé a ò tíì tú àkísà kúrò lára mi. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa wọn ohunkóhun tó bá bá lára mi, ó sì ti mọ́ èmi náà lára láti máa gbé e kiri. Mo gé aṣọ, mo rán an, mo wá tú àkísà, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó ki apá kejì bọ aṣọ náà ni mo ti mọ̀. Èèyàn méjì gbà nínú ẹ̀. Èjìká ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí apá mi. Kì í ṣe nǹkan ńlá o, máṣìnì wà nílé, kí omi tíì tó hó ni ǹ bá ti gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé. Mo jókòó ti máṣìnì. Mo tún dìde. Mo rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé. Aṣọ náà ń tẹ̀ lé mi, kò fún mi níbì kankan. Afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó ń gba ọrùn jáde. Mo tún rìn padà. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí, àmọ́ mi ò dín in. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ̀ ọ́ lọ.

Màmá fọwọ́ tọ́ aṣọ náà wò láti èjìká dé ìdí. “Ta lo rán èyí fún?”

Ìṣáná ló kọ́kọ́ yé. Ó káwọ́ lérí. “Yéè! A ò tú Àǹtí!” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa, àṣìṣe ni. Bọ́ ọ, kí Ìṣáná bá ọ dín in.”

“Ẹ má dín in, Màmá.”

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. “O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?”

Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì níwájú mi. Bí mo bá ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ti di tèmi nìyẹn. “Rárá, mo gbàgbé ni,” mo wí. “Àmọ́ ẹ má dín in.”

“Kí ló dé?”

“Gbogbo aṣọ tí mo ní, ẹnì kan ti wà nínú ẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. Èyí, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mò ń bọ̀.”

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bọ́ sí mi lẹ́nu. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,” Màmá wí, “má bínú sí mi. Àwọn oníbàárà ò ní dúró de ẹni tó ń bọ̀.” Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí Ìṣáná. Ìṣáná fọwọ́ méjèèjì gbà á, kò sì lè wojú mi.

Ìgbà yẹn ló tó dùn mí. Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn! Mo fẹ́ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo fẹ́ òórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ láàárọ̀, mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá máa bi àwọn èèyàn pé kí ni wọ́n fẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, èmi nìkan ni wọn ò sọ fún.

“Màmá, mo fẹ́ ẹ,” mo wí. Ohùn náà le débi pé ó bà mí lẹ́rù. “Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà.”

“Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi,” Màmá wí.

Mo bú sẹ́kún. Mo sunkún bí ọmọdé, mi ò tilẹ̀ bojú. Màmá dìde, ó na ọwọ́ kó gbá mi mọ́ra, àmọ́ aṣọ náà tóbi, ojú ẹ̀ ò sì ríran tó. Aṣọ nìkan ni ọwọ́ ẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó ń wá mi kiri nínú ẹ̀, títí ó fi kan egungun ìhà mi.

“Ìwọ rèé,” ó wí, kò sì fi mí sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò Ìṣáná.