Dùùrù Tí Màámi Yàn

Màámi, olùkọ́ orin kílásíkà tó ti fẹ̀yìn tì, dán gbogbo dùùrù oníná inú ṣọ́ọ̀bù wò. Eyín tí à ń tẹ̀ lára wọn fúyẹ́ bí ìlérí ọ̀mùtí, àfi ọ̀kan tó wúwo lábẹ́ ìka bíi ti dùùrù gidi.

“Èyí ni. Ọmọ mi á wá máa gbọ́ mi nílé.”

Ọmọ rẹ̀ tó bá a wá bi ọlọ́jà pé, “Ṣé ó níbi tí wọ́n ń ki íápíìsì sí?”

Ọlọ́jà ní ó ní. Ọmọ sanwó.

“O ṣeun, ọkọ mi. Kí n lè gbọ́ ara mi dáadáa, àbí?”

“Kí àwa má baà gbọ́ yín ni, Màámi.”

Nílé, Màámi ki íápíìsì bọ etí, ó ń tẹ dùùrù náà tayọ̀tayọ̀. Ọmọ rẹ̀ wọlé.

“Eyín wíwúwo yìí ń dún kò-kò-kò nínú ògiri wa.”

Ó gbé dùùrù lọ, ó gbé ìrọ̀rí kalẹ̀ síwájú Màámi.

“Ẹ máa tẹ èyí. Kò léyín.”