Ojú Tó Ń Ka Ìlù

Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi ìdánwò náà sí, ṣùgbọ́n aránṣọ ti dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti aago mọ́kànlá. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn kó máa tètè débì kan. Ilé ni kò gbà á. Tó bá jókòó sílé, ojú rẹ̀ á ṣáà máa lọ síbi bẹ́ẹ̀dì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti oṣù márùn-ún.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ni bẹ́ẹ̀dì náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí aránṣọ ti ń rán apá ẹ̀wù fún ọdún mọ́kànlá kógbá sílé, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀ lóbìnrin ló wá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó kàn ní, "Ìyàwó, ebi kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń bá ìyá ẹ̀ pín. Ọjọ́ tó o bá ríṣẹ́ tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, wá mú ọmọ ẹ." Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ dé egungun, ṣùgbọ́n irọ́ kò sí níbẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú bọ́ọ̀sì. Tí ọmọ bá bá a lọ, ilé-ìwé ibẹ̀ ni yóò wọ̀, ọ̀rẹ́ ibẹ̀ ni yóò ní. Ìyá á wá di ohùn orí fóònù.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìwé ló sì wà nílẹ̀. Gbọ̀ngàn kan tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ti máa ń jó lọ́sàn-án ń wá díjéè. Màdámù, obìnrin gíga tó ni gbọ̀ngàn náà, kò béèrè ohun tó pọ̀: kí orin kan wọ inú èkejì láìsí àlàfo, kí ẹsẹ̀ má dúró. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó bá ti jókòó, ó di ọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni aránṣọ fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ọkùnrin àgbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló kọ́ ọ, Bọ̀dá Elétí, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó lè gbọ́ orin láti inú ọkọ̀ tó ń sáré kọjá kó sọ pé ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ ti ń darúgbó. Ó ní ẹ̀rọ àwo méjì, ó sì gbé míkísà sáàárín wọn, èyí tí wọ́n fi ń da orin àwo méjèèjì pọ̀. Ojú kékeré méjì wà lára míkísà náà tó máa ń tan nọ́ńbà pupa, ọ̀kan fún àwo ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Iṣẹ́ wọn ni láti ka iye ìgbà tí ìlù ń dún ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Elétí ti lẹ pílásítà mọ́ méjèèjì.

"Kí ló ṣe é, Bọ̀dá?" aránṣọ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ṣé ó fara pa ni?"

"Kó má bàa pa ẹ́ lára ni. Akọ́ṣẹ́ tó bá ń fojú gbọ́ orin, etí ẹ̀ á sùn. O ò sì ní mọ̀ pé ó ti sùn títí dọjọ́ tó o bá pè é tí kò jẹ́."

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí etí tó jí?"

"Ọdún kan. Oṣù mẹ́wàá, tó o bá lórí ire."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ní, Bọ̀dá."

"Wá iṣẹ́ mìíràn nígbà náà."

"Ẹ bá mi wá a."

Bọ̀dá Elétí wo ilẹ̀. Ó mọ̀ nípa bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wíńdò.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Aránṣọ fi etí sí i títí orí fi ń fọ́ ọ, ìlù méjì ṣì ń sáré lé ara wọn bí ẹran tó já okùn. Lọ́jọ́ kẹjọ, Bọ̀dá Elétí jáde lọ ra sìgá, aránṣọ bá fi èékánná ṣí pílásítà kúrò. Ojú ọ̀tún kà 104, ti òsì kà 110. Ó rọra fa ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń mú àwo yára tàbí falẹ̀ títí méjèèjì fi ka 104, ó fi àwo kejì sílẹ̀ lórí ìlù àkọ́kọ́, orin méjèèjì sì rìn pọ̀ bí ẹsẹ̀ sójà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ńbà ló ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ejìká tó bá jẹ́ ogún, tó o gé e ní ogún, aṣọ á wọ̀. Èwo ni ti kí etí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sùn kó máa jí?

Bọ̀dá Elétí padà, ó wo míkísà náà, ó wo aránṣọ.

"O ṣí i."

"Mo ṣí i, sà."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ ohun tó ń lé ẹ." Ó tanná sí sìgá rẹ̀. "Ojú yẹn mọ ìlù tí ẹ̀rọ bá lù kà dáadáa. Ṣáà máa gbàdúrà kí wọ́n má fún ẹ ní orin tí èèyàn fọwọ́ lù."

Aránṣọ kò béèrè ìtumọ̀. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bi igi tó dì mú léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wò nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ní Sátidé yìí ni míkísà ibẹ̀. Ó ní ojú méjì. Ó mí kanlẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn, kò rántí bọ́ ọ sílẹ̀.

Bí ogún èèyàn ló wà lórí ilẹ̀ onípákó náà, ọkọ àti aya, opó àti opó, bàtà wọn ń dán. Màdámù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Orin àkọ́kọ́ wọ ìkejì, kò sẹ́ni tó mọ̀gbà tó wọ̀ ọ́. Ìkejì wọ ìkẹta. Bàbá arúgbó kan kígbe pé, "Ọmọ yìí fẹ́ pa wá!" ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ó ṣì ń yí aya rẹ̀ po. Aránṣọ gbọ́ tí àyà òun náà ń lù. Ó ti ń rí ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Màdámù dìde, ó na àwo kan tí páálí rẹ̀ ti gbó sí i. "Èyí ni wọ́n fẹ́ràn jù. Fi kún un."

Aránṣọ gbé e lé ẹ̀rọ, ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rin lé etí kan, kó lè gbọ́ ọ ṣáájú àwọn oníjó. Ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́wàá kan ló lu orin náà, bóyá kí wọ́n tó bí i, nínú yàrá kan, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ó wo nọ́ńbà. 96. Ó fẹ́ bá a mu, ó di 99. Ó tì í, ó di 94. Nígbà tí inú àwọn onílù dùn, wọ́n yára. Nígbà tí akọrin fa ohùn, wọ́n dúró dè é. Ojú pupa náà ń sáré kiri bí eèrà tí wọ́n da omi lé lórí. Orin tó wà nílẹ̀ ti ń parí lọ. Kò sí àyè mọ́. Nọ́ńbà méjèèjì bára mu fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó bá fi orin náà sílẹ̀.

Ìlù méjì dà sínú gbọ̀ngàn, ọ̀kan ń gun èkejì lẹ́yìn. Ó wo ojú míkísà. 192! Ojú náà ti ń ka ìlù kan ní méjì. Ẹ̀rù mú kí aránṣọ gbà á gbọ́, ó fa ọwọ́ náà wálẹ̀ pátápátá. Orin tí àwọn arúgbó fẹ́ràn jù wá ń wọ́lẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín tẹ ẹsẹ̀ aya rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá náà sì jókòó sórí pákó, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí àga.

"Kí lò ń ṣe?" Màdámù kígbe.

Aránṣọ pa orin kan, ó dá ọwọ́ àwo ìkejì padà sáàárín. Wọ́n gbé ìyá náà dìde. Kò fara pa, ojú ló tì í. Orin àtijọ́ náà nìkan ló kù, àwọn oníjó sì padà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Mú wa jáde nínú ẹ̀," Màdámù wí. Ohùn rẹ̀ ti tutù. "Tó o bá lè ṣe é."

Nọ́ńbà ń fò. 95. 190. 98. Aránṣọ wò ó, inú bí i bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. Ó bọ́ tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ká a lé ojú míkísà méjèèjì, ó sì gbé àwo mìíràn sórí ẹ̀rọ kejì.

Ohun kan ṣoṣo tó wá sọ́kàn rẹ̀ ni aṣọ tó ń fà. Ní ilé-iṣẹ́, ọmọ tuntun ló máa ń fi tẹ́ẹ̀pù wọn aṣọ tó ń fà. Á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á rí iye mẹ́ta. Ọ̀gá wọn á gbá a lọ́wọ́: "Má fà á, má tì í. Tẹ̀ lé e." Ó dijú. Ó tẹ̀ lé orin náà. Ó pẹ́. Ó ṣi í lẹ́ẹ̀kan, ó ṣi í lẹ́ẹ̀kejì, akọrin ti dé ẹsẹ ìkẹyìn. Nígbà tó fi àwo kejì sílẹ̀, orin méjèèjì rìn pọ̀ díẹ̀, wọ́n ya, ó fi ìka kan rọra ti àwo, wọ́n tún pàdé. Kò dára. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ó ń tiro. Ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ tó dúró.

Lẹ́yìn ìdánwò, Màdámù kò jókòó. "Ọ̀sẹ̀ mélòó lo fi kọ́ ọ?"

"Mẹ́ta, mà."

"Ojú yẹn ló gbé ẹ débí, mi ò sọ pé kò ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kò gbé e dáadáa ni mò ń dáàbò bò. Mi ò lè gbà ẹ́ lónìí. Padà wá lọ́jọ́rú, fi orin tí èèyàn lù ṣe gbogbo ẹ̀."

"Mà, ẹ bá mi kọ ìwé."

"Ìwé kí ni? Mi ò tíì gbà ẹ́."

"Ohunkóhun, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn."

Màdámù ya ìwé kan, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Àpò ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mẹ́rin, wọ́n ti so wọ́n lẹ́nu. Ọmọ náà jókòó lé ọ̀kan. "Màámi!" ló wí, kò sì dìde, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ bóyá kóun dìde.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ka ìwé náà. Ìlà kan péré ni. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìyàwó, ṣé ìwé iṣẹ́ nìyí?"

"Rárá, Àǹtí. Ìwé pé kí n padà wá lọ́jọ́rú ni."

"Ṣé wọ́n á gbà ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ dídùn wà tó lè sọ. Kò rí ọ̀kankan gbé dìde. "Mi ò mọ̀, mà. Mo bà á jẹ́ lónìí. Mo mú ìyá arúgbó kan jókòó sílẹ̀."

"O ṣe kí ni?"

"Láàárín ijó. Ó jókòó sórí pákó."

Ẹnu obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi sínú pọ́ọ̀sì ara rẹ̀.

"Bí a ò bá lọ lọ́jọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì tún ń lọ lọ́jọ́bọ̀," ló wí. "Ọjọ́bọ̀, Ìyàwó. Kò ní kọjá bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà dìde. Ó tú ẹnu àpò tó jókòó lé, ó fa aṣọ tó fi ń sùn jáde, aṣọ yẹn nìkan. Ó sì tún so àpò náà padà.