Orin Inú Ọgbà Olódi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n sọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ní Trevannick, ilé ńlá ọlọ́rọ̀ kan, fún yín. Ìtàn náà ò gùn, àmọ́ ògiri inú rẹ̀ ga.

Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé wàrà ibẹ̀ ni Loveday. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Tamsin, ń bá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí Jem ń wà lọ sí èbúté, láti ibẹ̀ ó di Ọsirélíà. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nígbà náà, ojú ò tún rí ojú mọ́ nìyẹn. Loveday fẹ́ dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. Ohun tó fẹ́ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi bí alásè ṣe gbé apẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àlejò ń bọ̀, wọ́n fẹ́ jẹ rásíbẹ́rì, èso pupa kéékèèké tí í kun ahọ́n.

Ọwọ́ Ọ̀gá Pascoe, olórí olùtọ́jú ọgbà, ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà èso máa ń wà. Àṣà rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń ká èso gbọ́dọ̀ máa kọrin, kí ẹnu má bàa ráyè jẹun. Á tì ọ́ mọ́nú ọgbà, á lọ jókòó sí ahéré tó fẹ̀yìn ti ògiri níta, á máa to ìkòkò òdòdó rẹ̀, etí rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ rẹ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," Loveday ní, "ẹ̀gbọ́n mi ń lọ lónìí. Kẹ̀kẹ́ Jem ò ní pẹ́ kọjá."

"Kó rìn re o. Ṣé èmi ni mo ní kó máa lọ? Tí apẹ̀rẹ̀ bá kún, màá ṣílẹ̀kùn. Orin dà?"

Kọ́kọ́rọ́ dún lẹ́yìn rẹ̀: kọ́!

Ó mú orin ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó ń ká, ó ń kọ. Ògiri bíríkì pupa yí i ká, àfọ́kù ìgò sì kún orí ògiri náà. Wọ́n ti fi ìṣó àti àkísà kan àwọn ẹ̀ka igi píìṣì mọ́ ògiri, wọ́n na apá wọn sọ́tùn-ún sósì. Loveday wò wọ́n, àánú ara rẹ̀ ṣe é. Ibẹ̀ móoru bí inú ààrò búrẹ́dì. Èso tó ká ò tíì bo ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.

Ló bá gbọ́ agogo ọrùn ẹṣin Jem lójú ọ̀nà lẹ́yìn ògiri.

"Ọ̀gá Pascoe! Ẹ ṣílẹ̀kùn! Wọ́n ti dé!"

"N ò mọ orin yẹn o," ọkùnrin náà dáhùn láti ahéré, "àmọ́ máa kọ ọ́ lọ. Ẹnu rẹ ò ṣáà dilẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n Tamsin!"

"Ẹsẹ kejì rèé!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Loveday lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Agogo ń lọ, ó ń jìnnà. Ẹkún gbé ohùn rẹ̀ mì.

Nínú ahéré, Pascoe dẹ́kun títo ìkòkò òdòdó.

"Kí lo ń jẹ?"

Loveday la ẹnu láti fèsì. Ó tún pa á dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

"Mo ní kí lo ń jẹ, olè!"

Eré ni Pascoe sá dé. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

"Yọ ahọ́n rẹ!"

Loveday yọ ọ́. Kò pupa rárá. Bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ láti wò ó dáadáa, ọmọ gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, tòun tahọ́n níta.

"Tó o bá kọjá ilẹ̀kùn yẹn, o ò níṣẹ́ mọ́!"

Ó ti kọjá. Ó gba ẹ̀yìn ilé ẹṣin, ó tú àwọn pẹ́pẹ́yẹ ká, ó jáde sí ọ̀nà. Eruku nìkan ló bá níbẹ̀. Ó sá dé kọ́nà, ó sì rí kẹ̀kẹ́ tó dúró, Jem ń ráhùn, Tamsin sì dúró síwájú ẹṣin, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Mo gbọ́ ohùn ẹ lẹ́yìn ògiri," Tamsin ní. "Nígbà tó dákẹ́, mo ní kí Jem dúró. Ṣé èmi náà ò ká èso fún Pascoe rí ni?"

Wọ́n dì mọ́ra.

"Ṣé ọkọ̀ ojú omi máa dúró de ẹkún yín ni?" Jem ní, àmọ́ kò lé ẹṣin náà lọ.

Jenifer, ọmọ Loveday, tí ń ta wàrà ládùúgbò wa, ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní títí ìyá òun fi kú, kì í kọrin tó bá ń ká èso, ó sì máa ń jẹ ẹ́ dáadáa.