Ẹrù Tó Ba Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Náà Jẹ́

Kí ọkọ̀ náà tó yà wọlé ni mẹkáníìkì ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Kò sí ọkọ̀ kékeré mìíràn ní àdúgbò yẹn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké gbì, gbì, gbì bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó ń wà á ò sì ní dẹ eré sílẹ̀ kí ojú má baà tì í. Ó gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì fajú ro. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni.

Àwọn méjèèjì kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Láti ọdún tó kọjá ni, nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mẹkáníìkì. Àárọ̀ ni wọ́n gbé obìnrin náà wọlé ní ilé ìwòsàn. Bàbá rẹ̀ ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò jẹ, tí kò mu. Ọkọ rẹ̀ ò yọjú títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, nígbà tó sì dé, tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó kún fún ọ́ìlì ni. Ó ní oníbàárà kan ló gbégi dínà fún òun. Bàbá náà ò bá a jà. Ó kàn wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ọkọ̀ ọ̀hún ti ń lọ báyìí?" Gbólóhùn yẹn ti wà láàárín wọn láti ọjọ́ náà, bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá náà wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìyẹn ni gbogbo èèyàn ṣe ń pè é ní Bàbá Dírẹ́bà. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn gbàgà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ọmọ mi ló ní kí n gbé e wá," ni Bàbá Dírẹ́bà fi dá a lóhùn. "Tó bá jẹ́ tèmi ni, ibòmíràn ni ǹ bá gbé e lọ."

"Ibòmíràn ò jìnnà, sà. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún."

Bàbá náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Ìwọ lo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí. Ọjọ́ wo la ṣe é? Àlòkù lo fi sí i."

"Tuntun ni. Ojú yín ni mo ṣe ya páálí rẹ̀."

"Páálí kọ́ ló ń gbé ọkọ̀. Ohun tó wà nínú páálí ni mò ń sọ."

Mẹkáníìkì rìn yí ọkọ̀ náà po. Ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀, apá òsì sì wálẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ, bí ẹni tó fẹ́ jókòó tó wá rántí pé kò sí àga níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lójijì. Ó yẹ kó gbéra lẹ́ẹ̀kan, kó sì dúró. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń fò sókè, tó ń jó wálẹ̀, tó tún ń gbéra.

"O rí i?" ni bàbá náà ké. "Ṣọ́ọ̀kì ni! Mo ti wakọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ṣọ́ọ̀kì wà lára ẹ̀," ni mẹkáníìkì wí, "àmọ́ ṣọ́ọ̀kì kì í mú kí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan." Ó ki ọwọ́ sí ẹ̀yìn táyà òsì, ó sì fi ìka ra á. Etí inú táyà náà ti pá kodoro, etí ìta ṣì wà bó ṣe wà. Nǹkan kan ti yẹ̀ lábẹ́ níbẹ̀.

Ó fi òkúta sé àwọn táyà iwájú, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sókè, ó ki ẹsẹ̀ irin méjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì yọ táyà méjèèjì. Bó ṣe dojú iná tọ́ọ̀ṣì kọ abẹ́ rẹ̀ ló rí gbogbo ẹ̀. Ọ́ìlì ti ṣàn láti ara ṣọ́ọ̀kì òsì, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí sípírìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kán, èyí tó kù sì jókòó gbágungbàgun. Ó wá ti ọ̀pá irin bọ ibi tí irin ìdábùú ẹ̀yìn, èyí tó gbé táyà méjèèjì, ti so mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fi fà á díẹ̀. Irin ńlá náà mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Rọ́bà bọ́ọ̀ṣì tó yẹ kó dì í mú ti fà ya.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá wò ó."

Bàbá Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ké ju ọkọ̀ lọ. Ó wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Òun náà mọ sípírìn tó kán tó bá rí i.

"Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn kan lọ gbé èèyàn kan bọ̀ kì í ṣe sípírìn báyìí," ni mẹkáníìkì wí. "Kí lẹ ń kó?"

"Kí ni mo ń kó? Ara mi ni mò ń gbé. Àbí ara mi ló wúwo?"

Ẹnu yín ló wúwo. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mẹkáníìkì, ó gbé e mì. Ó dìde, ó sì lọ ṣí bọ́ọ̀tì.

"Ta ló ní kó o ṣí ibẹ̀?" Bàbá náà fẹ́ sáré, àmọ́ ó ṣì ń wá ohun tí yóò dì mú kó lè nàró.

Mẹkáníìkì ti ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Eruku símẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀ bọ́ọ̀tì náà. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́bìrì kan, àti ìdè ilẹ̀kùn tuntun mẹ́rin, irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, tí wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá.

"Búlọ́ọ̀kù lẹ fi ọkọ̀ yìí kó?"

"Ọkọ̀ mi ni. Tó bá wù mí, mo lè fi kó òkè."

"Kí lẹ ń kọ́?"

Bàbá Dírẹ́bà gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Yàrá ni. Yàrá kan àti bálùwẹ̀, lẹ́yìn ilé mi. Ọmọ mi ni mò ń kọ́ ọ fún. Kó lè ríbi wọ̀ lọ́jọ́ tọ́rọ̀ ẹ bá sú u."

Ọ̀pá irin yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ìgbà tó kíyè sí i ló fi í lélẹ̀. "Ṣé òun ló ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ?"

"Mi ò ní dúró dìgbà tó máa sọ ọ́."

"Ẹ ń fi ọkọ̀ tí mò ń tún ṣe kó búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ máa fi gba ìyàwó mi."

"Ọmọ mi ni kó tó di ìyàwó ẹ. Dè é padà bó ṣe wà, kí n máa lọ."

"Kò lọ síbì kankan. Tí sípírìn yìí bá já lórí eré, ara táyà ló máa lọ gún. Ẹ ò ní fi ìwàǹwara yín kú mọ́ mi lọ́rùn, kí ọmọ yín tún máa ka ìyẹn náà sí mi lẹ́sẹ̀."

Ó kẹ̀yìn sí i, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Aránṣọ ni obìnrin náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò sì jìnnà sí ti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó bá òun mú sípírìn méjì, ṣọ́ọ̀kì méjì àti bọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn bọ̀. Kò sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ló ki jáàkì sábẹ́ irin ìdábùú, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ṣọ́ọ̀kì, ó sì rọra sọ irin náà kalẹ̀ títí sípírìn fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìgbà tó kan bọ́ọ̀ṣì, òòlù ló fi lé e jáde. Òòlù yẹn le ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá náà jókòó sórí táyà kan, ó ń wo ògiri.

Ìyàwó dé, ẹrù náà ti fẹ́ fa apá rẹ̀ já. Ó wo ọkọ, ó wo bàbá.

"Kí lẹ tún ṣe fún ara yín?"

"Bi bàbá ẹ léèrè ohun tó ń kó sẹ́yìn ọkọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Bàbá náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò fi bò. Obìnrin náà lọ sí ìdí bọ́ọ̀tì, ó mú ìdè ilẹ̀kùn kan nínú ọ̀rá, ó ṣí i, ó pa á dé.

"Bàbá, mi ò rán yín níṣẹ́ yìí."

Àyà mẹkáníìkì fúyẹ́. Ó ń dúró kó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ bàbá rẹ̀. Àmọ́ obìnrin náà ò tíì gbé ìdè ilẹ̀kùn náà sílẹ̀.

"Ó ti dé ibo?" ló bi í.

"Ó ku òrùlé."

"Ṣé ó ní fèrèsé?"

"Méjì. Ọ̀kan kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ."

"Fèrèsé lo ń béèrè?" ni mẹkáníìkì wí. "Fèrèsé?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Kò gbóhùn sókè, ìyẹn gan-an ló burú jù. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi jáde níbi iṣẹ́ abẹ, fèrèsé ni mo kọjú sí. Mo ń wo ẹnu géètì, bóyá màá rí ẹ tó o ń bọ̀. Gbogbo èèyàn ayé ló gba ibẹ̀ wọlé, àfi ìwọ. O dé, ọ̀rọ̀ oníbàárà lo bá mi sọ. Títí dòní, o ò tíì ní kí n má bínú."

Mẹkáníìkì kó sábẹ́ ọkọ̀.

Lábẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ nìkan ló gbọ́ tirẹ̀. Ó ti bọ́ọ̀ṣì tuntun bọ ojú ihò, ó gbé sípírìn méjèèjì jókòó sórí rọ́bà wọn. Nígbà tó kan kí wọ́n gbé irin ìdábùú padà sókè, ó nawọ́ sí jáàkì, ọwọ́ rẹ̀ ò dé e. Jáàkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà ló ń tẹ̀ ẹ́.

"Díẹ̀ sí i."

"Mo rí i."

"Ó tó! Mo ní ó tó!"

"Mo gbọ́ ẹ. Mi ò dití."

Mẹkáníìkì de ṣọ́ọ̀kì, àmọ́ kò tíì de nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀ṣì pa. Ó kọ́kọ́ dá táyà padà, ó sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ kó lè gbé ìwúwo ara rẹ̀, kó tó wá tún wọ abẹ́ lọ dè é pa. Tí wọ́n bá dè é pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, rọ́bà náà yóò lọ́, yóò sì tún ya. Bàbá náà rí ohun tó ṣe. Kò yìn ín.

Wọ́n gbé e jáde láti dán an wò. Bàbá Dírẹ́bà ò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ibi ìwakọ̀, mẹkáníìkì wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èrò. Ọ̀nà tó kún fún kòtò ni wọ́n gbà, bàbá náà sì mọ̀ọ́mọ̀ ń kó sí gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ò dún pín.

"Ó dákẹ́," ni bàbá náà wí nígbà tó yá.

"Ó yẹ kó dákẹ́."

"Ṣọ́ọ̀kì wà lára ẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀." Mẹkáníìkì wo ìta. "Ẹ má fi kó ẹrù mọ́. Ẹ háyà ọkọ̀ akẹ́rù fún páànù òrùlé yín."

Bàbá náà yíjú wò ó débi pé ó fẹ́ẹ̀ kó sí gọ́tà. "O fẹ́ kí n parí ẹ̀ ni?"

"Mo ní kẹ́ ẹ má fi ọkọ̀ yìí kó o. Ohun tí mo sọ nìyẹn."

Ìyàwó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Kí ọkọ rẹ̀ tó bọ́ọ́lẹ̀ tán ló ti wọlé sí àyè rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ wo yàrá náà.

"Ṣé wàá padà?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ṣé o rí ẹrù lọ́wọ́ mi?"

Ọkọ̀ náà lọ, jẹ́ẹ́jẹ́, láìké. Oníbàárà méjì wá, mẹkáníìkì lé wọn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì lọ jókòó sílé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó dìde.

"Yàrá náà dáa," ni obìnrin náà wí. "Ó tilẹ̀ fẹ̀ ju tiwa lọ."

"Má bínú," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ọjọ́ yẹn, ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí n dé kí wọ́n ní o ti lọ. Mo wá ń fi iṣẹ́ bojú."

"O jẹ́ kó pẹ́," ni obìnrin náà wí, ó sì wọ yàrá lọ. Kò ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Dírẹ́bà fi páànù bo yàrá náà kí oṣù tó parí, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì háyà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìyàwó gbé e kọ́ sórí ìṣó nílé ìdáná, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ń bu omi yóò ti rí i. Kò tíì sun ibẹ̀ rí. Àmọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ níbi iṣẹ́ tí kò pè, ó máa ń bá kọ́kọ́rọ́ náà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ rẹ̀ tó ti tutù. Mẹkáníìkì ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó lórí fóònù tí iṣẹ́ bá fẹ́ pẹ́.