Bẹ́ǹṣì Ẹlẹ́ṣẹ̀

Alàgbà Ọlágòkè fúnra rẹ̀ ló lọ ní kí wọ́n kan bẹ́ǹṣì náà ní Katako, ọjà pákó ní Jos. Ní ìjọ wọn ní Hwolshe, ọmọbìnrin tó bá lóyún kó tó ṣègbéyàwó, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí fún oṣù mẹ́fà, wọn ò sì ní í so ó pọ̀ mọ́ ọkọ kó tó parí rẹ̀. Bàbá ní àga onífẹ̀yìntì ti tura jù fún ẹ̀ṣẹ̀. Ó dúró ti káfíńtà títí: pákó líle, kò ní ìfẹ̀yìntì, ẹni mẹ́ta ló gbà. "Ọlọ́run aláàánú ni," ni alàgbà, tíṣà ará Èkìtì, máa ń wí, "ṣùgbọ́n ẹ má fi àánú rẹ̀ ba ìdájọ́ rẹ̀ jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, pàápàá létí ẹni tó ń sọ ọ́.

Kíkẹ́lọmọ, télọ̀ kan ní Dilimi, ti lo oṣù mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì yìí nígbà tí Mojọlá, àbíkẹ́yìn alàgbà, lóyún. Ìgbéyàwó rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Iná jó dórí kókó. Ojú ti bàbá, ẹ̀rù sì bà á. Ó gbé Bíbélì, ó di ilé pásítọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, àánú ló kún inú ìwé náà: obìnrin tí wọ́n fẹ́ sọ lókùúta, ọmọ onínàákúnàá, olè orí àgbélébùú. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, wọn ò kàn tíì di ẹbí rẹ̀ ni.

"Haba, Bàbá," ni Pásítọ̀ Akínladé wí, ẹni tí wọ́n bí sí Jos. "Tí a bá dárí ji Mojọlá, ṣé kí Kíkẹ́lọmọ náà dìde?"

Bàbá rò ó. "Tìyẹn ò ju oṣù méjì lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀."

Pásítọ̀ ò fẹ́ wàhálà, ó gbà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bàbá fúnra rẹ̀ kéde pé ìjọ ti ṣàánú Mojọlá. Rhoda ìyàwó rẹ̀, tó ti ń jókòó jẹ́ẹ́ ní ìlà kejì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì rìn lọ sẹ́yìn.

"Kíkẹ́, sún díẹ̀." Ó jókòó.

Gbogbo ìjọ yíjú. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ. "Ìyá Adébánjọ, kí lò ń ṣe níbí?"

"Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni mo bí Adébánjọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó fọwọ́ nu pákó tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ jókòó. Ẹni mẹ́ta lẹ ní kó gbà."